Sílè Tí Bàbá Yésúfù Kò Gbà

"Ẹ sọ fún un kó fi èènì sí i," Mọ́ríátù wí fún ọkọ rẹ̀, ó sì na ìka sí àgbọn tó kéré jù nínú apẹ̀rẹ̀ obìnrin tó ń tajà létí òkun.

Sùrájù bú sẹ́rìn-ín. "Níbí kọ́ o, Ìyá Jímọ́ọ̀. Létí òkun yìí, ìwọ tí o ra ọjà ni wàá fi nǹkan lé owó ọjà. Dáàṣì ni wọ́n ń pè é."

"Kí n ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, kí n tún fún un ní èènì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Háà! Ayé ti yí po ní Gáná o."

Sùrájù ti ki ọwọ́ bọ àpò. Ó fún obìnrin náà ní owó àgbọn, ó fi tọ́rọ́ kan lé e, obìnrin náà sì tẹrí ba fún un bí ìgbà tó rí ọba. Inú Sùrájù dùn. Ó fa agbádá rẹ̀ sókè léjìká, ó ń lọ níwájú.

Mọ́ríátù kò tíì mọ owó wọn í ná. Kọ́bọ̀ tí wọ́n ń ná ní Ìlobùú ní ihò láàárín. Okùn ló máa ń fi sín in, á wá so ó mọ́ ìdí lọ sọ́jà. Àwọn ará Gáná ti ṣe owó tuntun tiwọn, orí olórí ìjọba wọn ló wà lára rẹ̀, ó sì dí pa. Lọ́jọ́ tó ṣẹ́ owó ní ibùdókọ̀, ó yí kọ́bọ̀ kan síwá sẹ́yìn títí, ó wá ihò rẹ̀ tì. Ó bi ẹni tó ṣẹ́ ẹ fún un pé báwo ni wọ́n ṣe ń so ó. Onítọ̀hún rẹ́rìn-ín débi pé ó di ògiri mú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkun ni Mọ́ríátù wá wò ní Akra. Màríámọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀, fẹ́ ta oko kòkó tó wà lójú ọ̀nà Ìfọ́n, kó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí Sùrájù, kí ọjà lè kún inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ará Ìfọ́n kan, Oyèwùmí, ti ní òun á rà á. Láti ìgbà tí Sùrájù ti lọ, Mọ́ríátù ló ń ro oko náà. Ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń wá, ibẹ̀ náà ni aṣọ ọrùn Jímọ́ọ̀ ọmọ wọn ti ń jáde. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò ṣàì mọ̀. "Lọ fojú ara rẹ rí ṣọ́ọ̀bù náà," ló ní. "Tó o bá dé, tó o ní kí n tà á, màá tà á."

Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tó ti dé, kò tíì rí ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ tó bá béèrè, Sùrájù á ní wọ́n ń kùn ún ní ọ̀dà. "Jẹ́ ká gbafẹ́ ná," á ní. "O ò tíì sinmi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ."

Wọ́n jókòó sábẹ́ agboòrùn ńlá kan níwájú hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun. Àwọn òyìnbó wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́lá aláwọ̀ dúdú náà wà níbẹ̀. Sùrájù bọ́ bàtà, ó ri ẹsẹ̀ mọ́ yanrìn. Ẹsẹ̀ méjèèjì wú débi pé ojú ibi tí bàtà há mọ́ ń hàn.

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ yín, Bàbá Jímọ́ọ̀?"

"Ìdúró ni. Ẹni tó ń tajà, ṣé ó máa jókòó ni?"

Mọ́ríátù rántí àwọn oníṣọ́ọ̀bù Ìlobùú. Jíjókòó ni wọ́n ń jókòó látàárọ̀. Àwọn mìíràn ń sùn, oníbàárà ló ń jí wọn.

Ìgbà náà ni ẹni tó ń gbé ohun mímu bọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó wọ aṣọ funfun, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán, mínírà méjì wà lórí tíréè rẹ̀. Àgbàlagbà ni. Irun orí rẹ̀ ti funfun báláú, ilà ojú rẹ̀ sì jọ ti ilé. Mọ́ríátù fò dìde. Kí àgbà tó jù ú lọ báyìí máa gbé omi fún un! Ó kúnlẹ̀ nínú yanrìn, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba tíréè lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e."

Àwọn òyìnbó yíjú sí wọn.

"Dìde, ọmọ mi, dìde!" ni bàbá náà wí, ẹ̀rín àti ìbẹ̀rù jọ wà lójú rẹ̀. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi níbi iṣẹ́ ni? Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ìlobùú ni, bàbá."

"Ìlobùú! Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni èmi. Yésúfù lorúkọ mi. Ọlọ́run á bù kún ẹ. Láti ọdún tí mo ti ń gbé tíréè nílùú yìí, kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ kí mi rí."

Sùrájù ti kọjú sí òkun láti ìgbà náà. Kò wẹ̀yìn, ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn pẹ̀lú sílè kan. Bàbá Yésúfù wo ọwọ́ náà, ó tẹ̀ síwájú, ó wo ojú ẹni tó ni ọwọ́.

"Sùrájù! Ìwọ nìyí? Ta lò ń nawọ́ sílè sí? Ṣebí o mọ òfin wa, àwa tá a jọ ń gbé tíréè kì í gba dáàṣì lọ́wọ́ ara wa. Àbí wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀gá ní hòtẹ́ẹ̀lì yín látìgbà tí mo ti kúrò níbẹ̀?"

Bàbá Yésúfù wo agbádá, ó wo Mọ́ríátù lórí eékún, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó gba tíréè rẹ̀ padà, ó gbé mínírà kalẹ̀ sórí tábìlì, ó mú sílè náà lọ́wọ́ Sùrájù, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Inú bí Mọ́ríátù. Kì í ṣe tíréè ló bí i nínú, iṣẹ́ ni tíréè. Ohun tó dùn ún ni pé òun ló ń yan káàkiri ọjà Ìlobùú pé ọkọ òun ní ṣọ́ọ̀bù ní Gáná, tóun sì ń gbé kòkó lórí bọ̀ láti ojú ọ̀nà Ìfọ́n nínú òjò.

"Ojú ló ń tì mí," ni Sùrájù sọ níkẹyìn. "Ṣọ́ọ̀bù ń bọ̀, Ìyá Jímọ́ọ̀. Tí owó oko yẹn bá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, màá ra ọjà, màá yá ilé kan. Jọ̀ọ́, má sọ fún Ìyá."

"Tí ọjà náà kò bá tà ńkọ́?"

Sùrájù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbìyànjú láti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Kò wọlé. Mọ́ríátù mú sílè náà lórí tábìlì, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀.

Nígbà tó dé Ìlobùú, Oyèwùmí ti wà lórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti gbọ́ pé mọ́tò Gáná ń bọ̀. Mọ́ríátù kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní kó káàbọ̀, wọ́n bi í léèrè ọ̀nà, wọ́n bi í léèrè àlàáfíà. Lẹ́yìn náà ni ìyá ọkọ rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?"

Gbogbo ọ̀nà ni Mọ́ríátù fi ro ìdáhùn yìí. Ó ro irọ́, ó ro òtítọ́, kò sí èyí tó gba ẹnu rẹ̀ jáde.

"Ọmọ yín ní kí ẹ ta oko, Ìyá. Èmi ni mo ní kí ẹ má tà á."

"Ìwọ?"

"Èmi ni. Èmi ni mò ń ro ó, mi ò fẹ́ kó lọ."

"Ẹ gbọ́ ọ bí! O ò fẹ́ kí ọkọ rẹ ga! Wọ́n sọ fún mi, mi ò gbọ́!"

Mọ́ríátù kò gbójú sókè. Oyèwùmí wúkọ́, ó dìde, ó ní òun á padà wá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rọ̀. Wọ́n sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, Mọ́ríátù tú etí ìró rẹ̀, ó fi sílè náà lé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ pé ti Sùrájù ni.

Ìyá yẹ̀ ẹ́ wò. "Eléyìí ò ṣeé ná níbí."

"Kò ṣeé ná, Ìyá."

"Ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló wú. Ìdúró ni."

"Ìdúró? Oníṣọ́ọ̀bù wo ló ń dúró?"

"Látàárọ̀ di alẹ́, Ìyá."

Ìyá ń yí sílè náà ní ìka, kò sì wo Mọ́ríátù. Nígbà tó ṣe, ó wọ yàrá lọ, ó gbé igbá òrí kékeré kan jáde.

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ ń lọ sí Gáná, kó bá mi mú un dání fún un. Kó máa fi pa ẹsẹ̀ kó tó sùn." Ó gbé igbá náà lé ọwọ́ Mọ́ríátù. "Tó o bá ń lọ sóko lọ́la, pè mí. Èmi náà ń bá ọ lọ."