Ẹ Bá Wa Kó Ìdọ̀tí Wá

1.

…torí náà mo ní kí wọ́n gbé mi dé iwájú ẹja mi ná, kí wọ́n tó gbé mi dé orí ibùsùn. Awakọ̀ ọsibítù rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin àti ẹja!"

Àpótí gíláàsì náà ń dán. Mi ò rí i kó dán báyìí rí. Àwọn tẹ́trà mi, ẹja wẹ́wẹ́ aláwọ̀ pupa àti búlúù, tó máa ń wọ́ tẹ̀ lé ara wọn láàrin omi, gbogbo wọn wà lókè téńté. Wọ́n ń la ẹnu.

Ẹja kì í ṣe bẹ́ẹ̀ bí ara rẹ̀ bá dá.

2.

OHUN TÍ MO MỌ̀: Mo ṣubú ní kíṣìnnì. Ìgbáròkó mi ṣẹ́. Des Kirchner, ará ilé kejì, gbọ́ igbe mi, ó fo ọgbà wọlé. Ẹni àádọ́rin ọdún! Òun ló gbé mi nílẹ̀, òun ló pe ọkọ̀ ọsibítù, òun ló tọ́jú ẹja mi títí mo fi dé.

OHUN TÍ MI Ò MỌ̀: bí ọjọ́ tó kù ṣe lọ. Oògùn ìrora ni. Mo rí ìyá mi tó ti kú, ó jókòó sí òkè àjà, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ẹ má gba gbogbo ọ̀rọ̀ mi gbọ́.

Èyí tí mo bá sọ nípa Des, ẹ gbà á gbọ́.

3.

(Des dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn)

DES: Ta ló wà níbẹ̀? Olè ni àbí arọ?

ÈMI: Arọ ni. Wọlé.

DES: O ti rí i?

ÈMI: Mo ti rí i.

DES: Fóòmù tó wà nínú asẹ́ omi yẹn, Lorna, háà! Dúdú bí ìdí ìkòkò. Ojú tì mí fún ẹ. Mo fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ títí ó fi funfun.

ÈMI: Omi ẹ̀rọ.

DES: Ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo ní kó mọ́ dè ẹ́.

ÈMI: O ṣeun, Des. O ṣeun gan-an.

Mo fi ẹ̀jẹ̀ sínú, mo tu itọ́ funfun.

4.

Fún ẹni tí kò sin ẹja rí:

Ohun dúdú inú fóòmù yẹn, ẹ̀mí ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń gbébẹ̀, àwọn ló ń jẹ májèlé tó ń ti ara ìgbẹ́ ẹja jáde. Oògùn inú omi ẹ̀rọ máa ń pa wọ́n. Bí wọ́n bá kú, ẹja á máa mí májèlé ara rẹ̀. Omi inú àpótí gan-an la fi ń ṣan fóòmù, a ó kàn fún un díẹ̀ ni.

Des kò mọ̀. Ta ló sọ fún un?

5.

Ẹja mẹ́ta ti kú kó tó di ọ̀sán.

6.

(fóònù, ọmọ Des obìnrin, láti ìlú Perth)

— Àǹtí Lorna, ẹ ṣeun o.

— Kí ni mo ṣe?

— Láti ìgbà tí Mọ́mì ti kú, Dádì kì í ṣí kọ́tìnnì. Ẹja yín ló ń jí i báyìí. Ó ń fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí mi láràárọ̀. Ó ti sọ wọ́n lórúkọ!

Bí Des bá gbọ́ pé òun ló ń pa wọ́n, á wọlé, á tilẹ̀kùn, kò sì ní jáde mọ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èwo wá ni ọpẹ́ níbí: kí n sọ, àbí kí n dákẹ́?

7.

ẸGBẸ́ OLÙSIN-ẸJA, ÌLÚ MACKAY
KÍÁKÍÁ!!

Lorna pè mí: asẹ́ rẹ̀ ti kú, tẹ́trà rẹ̀ ń kú. Ẹ bá wa kó ìdọ̀tí wá: fóòmù tó ti pẹ́ nínú asẹ́ yín. Bó bá ṣe dúdú tó ló ṣe dára tó. Ẹ MÁ FỌ̀ Ọ́. Ẹni tí ẹja rẹ̀ ń ṣàìsàn, kó jókòó sílé. Ẹ pa ẹnu mọ́ lọ́dọ̀ Des, ará ilé kejì.
— Marites, akọ̀wé

> Tèmi dọ̀tí ju ọkàn ọkọ mi lọ. Mò ń bọ̀.

> Ìyàwó mi ní kí n kó gbogbo rẹ̀ lọ, kí n má sì kó o padà.

> Táńkì omi òjò mi kún, kò sí oògùn nínú ẹ̀. Garawa mélòó?

8.

Wọ́n dé. Ike áísìkiriimu ni kálukú fi gbé tiẹ̀. Ilé mi ń rùn bí ẹrọ̀fọ̀, mo sì ń sunkún ayọ̀ lórí àga.

Ọkọ̀ tó pọ̀ níwájú ilé ló mú Des wá.

DES: Kí lẹ ń fún sínú ẹ̀? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni!

MARITES: Ẹ̀gbọ́n Des, ẹ bá wa gbé garawa yìí, ẹ jọ̀ọ́.

DES: Lorna. Kí ni wọ́n ń dà síbẹ̀?

ÈMI: Ìdọ̀tí.

DES: (ó wo àwọn ẹja) Ṣé èmi ni?

8a.

Mo ní: "Ìwọ ni, Des. Ìwọ náà lo gbé mi nílẹ̀."

8b.

Marites ní mi ò sọ nǹkan kan. Ó ní mo kàn di ọwọ́ Des mú ni.

9.

Ó gbé garawa sílẹ̀. Ó jáde. A gbọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ pa dé.

 

Marites gbé garawa náà.

 

10.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tún ṣí. Des ni, apá aṣọ rẹ̀ tutù dé ìgúnpá, ike áísìkiriimu wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fóòmù kan ló wà nínú rẹ̀, ó dúdú, ó ń yọ̀.

Coral, ìyàwó rẹ̀, ló ṣe adágún omi kékeré kan sábẹ́ igi máńgòrò wọn, tí ẹ̀rọ ń tú omi rẹ̀ sókè. Láti ìgbà tó ti kú, ẹ̀rọ yẹn kò dákẹ́ rí. Mo máa ń gbọ́ ọ láti orí ibùsùn mi. Des tó ń fọ ohun gbogbo kò fọwọ́ kan fóòmù inú ẹ̀rọ yẹn rí.

DES: Ṣé èyí dọ̀tí tó?

Marites wò mí. Omi ìta ni. Àrùn lè wà nínú rẹ̀. Ẹja mi ṣì ń la ẹnu lókè omi.

Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo gbà á.