Ẹ Jókòó Ná, Bàbá Lọ́yà

Ẹni tó bá ní òfin kì í já èèyàn láyà, kó lọ bi Bàbá Lọ́yà. Káfíńtà ni, ilẹ̀kùn ló ń kàn. Ọmọbìnrin rẹ̀ ò tíì parí ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á wọlé ni ìyàwó káfíńtà ti ń jẹ́ Ìyá Lọ́yà ládùúgbò. Ẹ fi orúkọ mìíràn pè é, kò ní dá yín lóhùn.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kan gbáko tí fóònù ọmọ ò lọ mọ́, bàbá ti ṣọ́ọ̀bù, ó gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Akọ̀wé obìnrin kan ló bá ní ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Obìnrin náà kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, ó tẹ orúkọ ọmọ náà sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rín sì pòórá lójú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí yàrá kejì."

"Ṣé kò séwu?"

"Ẹ jókòó ná, sà."

Àga tìmùtìmù ni wọ́n fi í sí. Akọ̀wé gbé omi tútù fún un, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó sì pe ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú wá jókòó tì wọ́n. Àyà Bàbá Lọ́yà já. Àgbàlagbà wo ni kò mọ ohun tí àga, omi tútù àti ohùn pẹ̀lẹ́ ń sọ? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe túfọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un.

"Ẹ fara balẹ̀, Bàbá," ni oníkóòtù wí. "Èmi ni agbẹjọ́rò ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Òfin tuntun ti dé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti dàgbà, a ò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun nípa rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá gbà."

"Èmi ni mo bí i!"

"A ò jiyàn, sà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tìtorí irú ẹ̀ pe àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn lẹ́jọ́. A ò lè sọ pé ó wà lọ́dọ̀ wa, a ò sì lè sọ pé kò sí lọ́dọ̀ wa."

Bàbá wo ẹnu agbẹjọ́rò, ó wo ti akọ̀wé. Orí rẹ̀ dàrú. Ṣé òkú náà máa ń gbà tàbí kó kọ̀ ni? Ṣé ẹkún ló yẹ kóun sun ni, àbí kóun di kóòtù agbẹjọ́rò yìí mú? Omi inú ife ń dà sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀.

"Ẹ gbé òkú ọmọ mi fún mi!" ó figbe ta. "Ẹ ò ní fi òfin bò ó mọ́lẹ̀!"

Akọ̀wé fò dìde. "Òkú kẹ̀? Háà! Ìlànà ló ní ká fún òbí lómi kí ara rẹ̀ lè balẹ̀!"

"Màdáámú, ẹ ṣọ́ ẹnu yín o," ni agbẹjọ́rò wí.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Akọ̀wé ló wá rántí pé òfin ò ní kí wọ́n má ránṣẹ́ pe ọmọ fúnra rẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi wọlé, tòun ti bàtà rọ́bà àti ẹrẹ̀ dé orúnkún. Bàbá gbá a mọ́ra, ó sunkún bí ọmọdé. Ìgbà tó nu ojú tán ló tó bi í pé, "Àwa lo ní kí wọ́n má sọ fún?"

"Ẹ má bínú, Bàbá mi. Mo ti fi ẹ̀kọ́ òfin sílẹ̀. Ọ̀sìn ẹja ni mò ń kọ́ báyìí. Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi pa fóònù."

"Ẹja?"

"Ẹja ni o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún Màámi. Mo fẹ́ fẹnu ara mi sọ fún wọn lópin ọ̀sẹ̀."

Ìbínú ń bọ̀, ayọ̀ ń tì í sẹ́yìn. Ọmọ tóun rò pé ó ti kú ló dúró níwájú òun yìí, kí lẹja jẹ́? Ó ṣèlérí fún un.

Kò tíì dé géètì tí Ìyá Lọ́yà fi pè é lórí fóònù.

"Bàbá Lọ́yà, ẹ rí i? Kí ló ṣe é?"

Òótọ́ ò ṣeé sọ, irọ́ ò sì wá sí i lẹ́nu. Ó wá ọ̀rọ̀ títí, èyí tó gbọ́ láàárọ̀ yẹn nìkan ló rí.

"Fara balẹ̀," ó rọra wí. "Ṣé o jókòó? Bu omi mu ná."

Igbe tó ti inú fóònù jáde, àwọn tó wà ní géètì ló gbọ́ ọ.