Ohun tí Eṣinṣin Ìjọba Rí

Ìyá alágbàfọ̀ kì í pe dúróònù ní orúkọ tí àwọn ológun ń pè é. Eṣinṣin ìjọba ló ń pè é. Ó ní eṣinṣin ló ń bà lé ohun tí wọn ò pè é sí, eṣinṣin ló ń wọlé onílé láì kan ilẹ̀kùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ní àwọn ọlọ́tẹ̀ wà nínú igbó òdìkejì odò ni ẹ̀rọ náà ti ń yí orí ilé wọn ká láti àárọ̀ dé alẹ́. Kò tíì rí ọlọ́tẹ̀ kan ṣoṣo mú. Ṣùgbọ́n kò sí balùwẹ̀ tí kò ní òrùlé tí kò tíì tojú bọ̀.

Bí ìyá bá ń sá aṣọ, á gbójú sókè, á pòṣé. "Ẹ wò ó dáadáa o! Àwọ̀tẹ́lẹ̀ aládùúgbò nìyí. Ẹ lọ sọ fún ọ̀gá yín pé ó ti ya nídìí!"

Ọkọ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín músẹ́ nídìí áyọ́ọ̀nù. Ìyàwó ló ń fọṣọ, ọkọ ló ń lọ̀ wọ́n. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a sọ tirẹ̀ mọ́ tara rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, sójà ogún ya dé. Wọ́n fi bàtà fọ́ géètì tí ẹnikẹ́ni kò tì.

"Àwọn tó kù dà?" ni èyí tó ṣíwájú wọn ń pariwo.

"Àwọn wo?" ni ìyá bi í.

"Ọkùnrin mẹ́tàlélógójì tí ẹ fi pamọ́ síbí!"

Wọ́n wo abẹ́ ibùsùn. Wọ́n tú kọ́bọ́ọ̀dù tí ewúrẹ́ kan kò lè dùbúlẹ̀ sí nínú. Géńdé kan tiẹ̀ ti ọwọ́ bọ agbada ọṣẹ, bóyá ọlọ́tẹ̀ kan lè wà ní ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọn ò rí ẹni mẹ́tàlélógójì, wọ́n mú ẹyọ ọkùnrin kan tí wọ́n bá nílé, ọkọ ìyá, lọ. Òfo kò dára fún ológun.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìyá fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu géètì bárékè. Lọ́jọ́ kẹrin, Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní kó wọlé. Yàrá náà tutù bíi pé òkú ni wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kọjú sí ojú kọ̀ǹpútà, èérún búrẹ́dì wà káàkiri níwájú wọn. Àwọn wọ̀nyí ni olùṣọ́ ìlú. Kọ́nẹ́ẹ̀lì na fọ́tò kan sí i: okùn aṣọ tirẹ̀ ni, láti òkè, wọ́n sì fi òrùka pupa yí ṣòkòtò kọ̀ọ̀kan ká.

"Ṣòkòtò mẹ́tàlélógójì, èèyàn mẹ́tàlélógójì," ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì wí. "Ẹ̀rọ kì í parọ́, màmá."

Ìyá wò ó títí. "Ọ̀gá, ṣé ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ nípa alágbàfọ̀ rí níbí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ọrùn ẹ̀wù yín síta."

Ó yí i. Òwú búlúù wà nínú rẹ̀, wọ́n fi rán nọ́ńbà méje.

"Èmi ni mo rán an síbẹ̀, kí n lè mọ aṣọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ṣòkòtò tó bá a lọ ló wà nínú fọ́tò yìí, òun ni òrùka àkọ́kọ́. Aṣọ yín ni gbogbo rẹ̀. Ara yín lẹ wá ká mọ́ mi nílé."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Ìyá rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìjọba bá gbé ìbọn lé lọ́wọ́ kì í jẹ̀bi. Ẹ̀sùn mìíràn ló máa ń wá.

"Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, màmá," ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì wí, ó sì tẹ fídíò kan.

Ẹ̀yìn táńkì omi wọn ni. Aago mẹ́ta ọ̀sán. Ọkọ rẹ̀ rìn dé ibẹ̀, ó wo ẹ̀yìn, ó lóṣòó, ó doríkodò. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó fi ẹ̀wù nu ojú, ó padà lọ. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ọjọ́ kẹta, bákan náà.

"Rédíò ló gbé mọ́yà, ó ń bá àwọn ọlọ́tẹ̀ sọ̀rọ̀. A bi í, a gbá a létí, kò la ẹnu. Tí a ò bá gbọ́ ohun tó ń ṣe níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, a ó gbé e lọ sí olú-ìlú. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn tí a ń gbé lọ síbẹ̀ kì í tètè dé."

Ojú fídíò náà ni ìyá ṣì ń wò. Ọdún kẹfà rèé tí ọmọ wọn obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti kú. Omijé kan kò bọ́ lójú bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ló ń di ìyàwó rẹ̀ mú, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń sọ pé kó gba kámú. Láti ìgbà náà ni ìyá ti ní in sínú. Ó tiẹ̀ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí pé òkúta lòun fẹ́. Aago mẹ́ta ọ̀sán sì rèé, ìgbà tí ọkùnrin náà mọ̀ pé ìyàwó òun máa ń sùn. Ó ti gba ìgbátí ọjọ́ mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ yìí má baà dé etí ìyàwó rẹ̀. Tí ìyá bá dákẹ́, wọ́n á gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Tí ó bá sọ ọ́, iwájú àwọn dìndìnrìn yìí ni yóò ti sọ ọ́.

"Ó ń sunkún," ni ó wí. "Ọmọ wa kú."

"Lójoojúmọ́?" ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà bi í, búrẹ́dì lẹ́nu.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì dá fídíò náà padà, ó fa èjìká ọkùnrin náà tóbi, ó tẹ orí sí ọ̀tún, ó tẹ orí sí òsì. "Lóòótọ́, ó jọ ẹkún." Ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìjọba pẹ̀lú ìka méjì.

"Ẹ wá pa á rẹ́," ni ìyá wí.

"A kì í pa nǹkan rẹ́ níbí, màmá."

Nírọ̀lẹ́, wọ́n tú ọkùnrin náà sílẹ̀. Etí rẹ̀ kan ti wú. Wọ́n rìn díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní kí wọ́n wo ọrùn ẹ̀wù wọn ni."

Ó dúró. "Ṣé wọn ò fi nǹkan mìíràn hàn ọ́?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi hàn mí? Àwọn òpònú tí wọn ò mọ ṣòkòtò yàtọ̀ sí ẹni tó wọ̀ ọ́! Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, jàre."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di etí rẹ̀ mú.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí aago mẹ́ta lù, ó jáde, ó wo táńkì, ó wo ojú ọ̀run. Eṣinṣin wà níbẹ̀. Ó padà sínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, nínú ooru yẹn. Ìyá, tó yẹ kó máa sùn, dìde lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bọ́ sí àárín àgbàlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn. Ó bú ẹ̀rọ wọn, ó bú kọ̀ǹpútà wọn, ó bú ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́ àti ẹni tó sọ pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Aládùúgbò yọrí lókè ògiri, ó ń bi í pé kí ló dé.  Ìyá ń bú wọn lọ títí ohùn fi há a, kí nǹkan kan má baà ti inú yàrá yẹn dé etí ẹnikẹ́ni, títí kan etí tirẹ̀.