Alùpùpù Tí Àlájì Múítì Rà

"Dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, jẹ́ kí n rí i dáadáa," ni ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà náà wí, gbogbo wọn sì tún tẹrí sórí fóònù.

Sẹ̀ríyà ń gbọ́ wọn láti inú ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin márùn-ún ni wọ́n, wọ́n jókòó lórí alùpùpù wọn níwájú ilé ìtajà rẹ̀, lẹ́bàá títì ńlá tó gba àárín Atakpamé kọjá lọ sí Anié, bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Roméo, mẹkáníìkì tó ti ń bá a to alùpùpù tuntun láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ló mú fóònù lọ́wọ́. Sẹ̀ríyà gbọ́ ìró ìbọn. Ó gbọ́ igbe. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ "Allahu Akbar" lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn.

"Roméo, kí lẹ ń wò?"

"Kò sí nǹkan, Ìyá Àmírátù. Ọ̀rọ̀ òkè lọ́hùn-ún ni. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

Ó jáde sí wọn, ó na ọwọ́. Roméo lọ́ra, àmọ́ ó gbé fóònù náà fún un.

Àwọn tó ya fídíò náà ò fi nǹkan kan bò. Àgọ́ sọ́jà ilẹ̀ wọn ni, níbi ààlà Burkina. Àpò iyanrìn tí wọ́n fi ṣe odi ti tú ká, òkú sì wà nílẹ̀ káàkiri. Ọkùnrin kan tó fi láwàní bo ojú ń fi ìka ẹsẹ̀ yí orí ọ̀kan nínú wọn sọ́tùn-ún, ó tún yí i sósì, bí ẹni tó ń yẹ iṣu wò lọ́jà. Ẹni tó ń ya fídíò ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gun alùpùpù wọn, wọ́n ń tò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì hàn kedere. Lára rọ́bà dúdú tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀yìn táyà kí ẹrẹ̀ má baà ta sókè, ẹnìkan ti fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ pé: MOTO MOUMINE, ATAKPAMÉ.

Àbdùlmùmín, tí wọ́n ń pè ní Moumine, ni orúkọ ọkọ Sẹ̀ríyà, tó kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Òun ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀, òun náà ló sì bẹ̀rẹ̀ àṣà pé kí gbogbo alùpùpù tó bá jáde níbẹ̀ máa gbé orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ó gbé ojú sókè. Àwọn ọlọ́kadà ò rí orúkọ náà. Òkú ni wọ́n ń wò, wọn ò wo rọ́bà. Àmọ́ Roméo ti sorí kọ́.

"Fi ránṣẹ́ sí mi, jọ̀ọ́," ni ẹni tó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan wí. "Èyí tó wà lọ́wọ́ tèmi ò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀." Ó gé búrẹ́dì ẹlẹ́yin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ, ó ń rún un lẹ́nu, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára fóònù.

Sẹ̀ríyà lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ń da ọ́ìlì àlòkù sí, ó sì bì.

Ọ̀kan nínú àwọn sọ́jà tó kú yẹn ni Eric, ọmọ aládùúgbò rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹni tí wọ́n ń fẹsẹ̀ yí lórí, ó lè má jẹ́ òun. Ìyá rẹ̀, Lucie, tó jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti Sẹ̀ríyà ti jọ ń gbé láti ogún ọdún, ògiri kan ṣoṣo ló pààlà ilé wọn. Ọmọ Ifẹ̀ ti Atakpamé ni Lucie, ẹ̀yà tí èdè wọn fara jọ Yorùbá, Kátólíìkì sì ni. Ifẹ̀ ló máa ń sọ, Sẹ̀ríyà á fi Yorùbá dá a lóhùn, wọ́n á sì gbọ́ ara wọn yé. Láti kékeré ni Eric ti ń gba orí ògiri yẹn sọdá wá bá Àmírátù, ọmọ Sẹ̀ríyà, jẹ ìrẹsì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ọjọ́ Ajé ni ìròyìn ikú rẹ̀ dé. Ó di ọjọ́ kẹta òní, òkú ò tíì dé.

Roméo tẹ̀ lé e wá sẹ́yìn, ó gbé omi dání.

"Èmi ni mo so rọ́bà yẹn mọ́ ọn, Ìyá Àmírátù. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́."

"Alùpùpù ta ni?"

"Ti Àlájì Múítì ni. Kò sí ẹlòmíràn tó ra irú rẹ̀. Mo ti so rọ́bà mọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kó tó wá kó wọn. Nígbà tó dé, wọ́n ní kí n yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó ní láti jẹ́ pé mo gbàgbé ọ̀kan."

"Ta ló ní kí o yọ ọ́?"

"Ọ̀gá Ìdíríìsì ni."

Sẹ̀ríyà fi omi náà fọ ẹnu, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò yé korò.

Ó mọ Múítì dáadáa, ohun tó ń dùn ún gan-an nìyẹn. Inú oṣù ààwẹ̀ ló kọ́kọ́ wá, ọkùnrin tó mọ́ tónítóní, tó ń sọ Yorùbá bíi tiwọn. Ó ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tó múlé tì wọ́n ni wọ́n bí òun sí, pé màlúù lòun ń rà lókè, àwọn tó ń bá òun da ẹran ló nílò alùpùpù. Ó gbé dàbínù wá kí wọ́n fi ṣínu. Ó kírun nínú ṣọ́ọ̀bù, ó sì ṣe àdúà fún olóògbé títí omi fi bọ́ lójú Sẹ̀ríyà. Ọjọ́ yẹn ni Sẹ̀ríyà pe Àmírátù ní Lomé, tó sọ fún un pé bó bá máa mú ọkọ wálé, irú ọkùnrin báyìí ni kó mú wá. Ó jẹ dàbínù náà. Ó tún bu díẹ̀ ránṣẹ́ sí Lucie.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n ni Ìdíríìsì, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń bá a bójú tó ọjà, ti Anié dé. Ọmọ ọdún méjìlá ni Ìdíríìsì nígbà tí wọ́n gbé Sẹ̀ríyà wọlé, àmọ́ torí pé ó bá a nílé, ọkọ ló ń pè é láti ọjọ́ náà. Kò pe orúkọ rẹ̀ rí.

"Ọkọ mi, ẹ ti rí fídíò náà?"

Ìdíríìsì ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kó tó dáhùn. "Mo ti rí i láti àná."

"Láti àná! Ẹ sì bá mi lọ kí Lucie lánàá. Ẹ jókòó lórí àga rẹ̀, ẹ mu omi rẹ̀."

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, Ìyá Àmírátù? Kí n dìde láàárín àwọn èèyàn kí n máa pariwo? Alùpùpù la tà. A ò ta ìbọn."

"Ẹ ní kí Roméo yọ rọ́bà."

Ó ṣí fìlà, ó nu iwájú orí. "Oníbàárà ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò bi í ní ìdí."

"Ẹ ò bi í torí pé ẹ mọ̀."

"Mi ò mọ̀! Mo kàn... mo rò ó. Ríro kì í ṣe mímọ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ gbọ́. Nǹkan yìí, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Àwọn òyìnbó gbé bàálù wá, wọ́n ti kó o lọ. Mali ò rí i dá dúró, Burkina ò rí i dá dúró. Ṣé èmi àti ẹ̀yin la máa wá dá a dúró ní Atakpamé níbí? Bí a ò bá tà fún un, á rà á níbòmíràn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ sì rí ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn obìnrin Fúlàní lọ́jà láàárọ̀ yìí."

Sẹ̀ríyà rí i. Àwọn èèyàn ní Fúlàní ló pa àwọn sọ́jà, wọ́n da igbá wàrà wọn sí gọ́tà. Ìyá àgbàlagbà kan bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa wàrà kúrò nínú ẹrẹ̀, ó ń kó o sínú ìborùn rẹ̀, àwọn kan sì dúró tì í, wọ́n ń yà á ní fọ́tò. Ìyá yẹn ò ta nǹkan kan fún agbésùnmọ̀mí kankan rí. Àwọn tó ta alùpùpù fún wọn wà nínú ọ́fíìsì yìí, wọ́n ń sọ Yorùbá, fáànù sì ń fẹ́ sí wọn lára.

"Tí wọ́n bá wá gbọ́ pé Yorùbá ló tà á," ni Ìdíríìsì ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "pé Mùsùlùmí ló tà á, ṣé ẹ rò pé tiwa nìkan ni wọ́n máa sun? Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú títì yìí ni. Ẹ jẹ́ ká dákẹ́. Tó bá ti wá kó èyí tó kù lọ́jọ́ Ẹtì..."

Ó pa ẹnu dé, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde.

"Èwo ló kù?"

"Alùpùpù mẹ́jọ. Ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú tó ṣẹlẹ̀. Ó tún pè mí láàárọ̀ yìí. Mi ò lè kàn sọ fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀ pé kó má wá mọ́, Ìyá Àmírátù. Ó mọ ilé mi. Ó mọ ibi tí àwọn ọmọ mi ń sùn."

"Kí ló sọ fún yín?"

"Ó kí mi. Ó béèrè àlàáfíà yín." Ìdíríìsì dé fìlà rẹ̀ padà. "Ó ní kí n bá òun kí yín."

Gbogbo ara Sẹ̀ríyà ṣe gìrì, bí ẹni tí aláǹgbá sáré kọjá lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀. Ìdíríìsì kì í ṣe èèyàn burúkú. Bí òjò bá ń rọ̀, òun ló máa ń fi ọkọ̀ kó àwọn ọmọ àdúgbò lọ sílé ìwé. Ẹ̀rù ló ń bà á, ó sì fẹ́ kí nǹkan máa lọ bó ṣe ń lọ. Sẹ̀ríyà ti rò tẹ́lẹ̀ pé inú igbó ni àwọn tí rédíò ń pè ní agbésùnmọ̀mí ń gbé, pé ojú wọn á rí bí ojú ẹranko, pé Ọlọ́run ló lè mú wọn kúrò. Kò mọ̀ pé wọ́n máa ń wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Kò mọ̀ pé òun á sọ fún wọn pé, "Àlájì, ẹ kú àbọ̀, ẹ jókòó." Èyí rí i lára ju òkú tó rí nínú fídíò lọ.

"Ìdíríìsì," ló pè é.

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Ìdíríìsì, mi ò mọ̀ bóyá ó ṣeé dá dúró. Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ mẹ́jọ yẹn ò ní jáde nínú ṣọ́ọ̀bù yìí."

"Wọ́n á mú yín! Wọ́n á mú àwa méjèèjì!"

"Kí wọ́n mú wa."

Ó mú ìborùn, ó jáde. Àgọ́ jàǹdáámù, àwọn ọlọ́pàá ológun, ló ní lọ́kàn, àmọ́ nígbà tó dé ìkóríta, ilé Lucie ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sí.

Àwọn obìnrin ìjọ ń palẹ̀ mọ́ láti lọ nígbà tó wọlé. Geneviève, tí òun àti Lucie jọ jẹ́ olùkọ́, bẹ̀rẹ̀ mọ́ Lucie létí. "Ṣé o ti wo fídíò náà? Wọ́n ní èèyàn lè dá àwọn kan mọ̀ nínú wọn." Lucie dúró títí ẹni ìkẹyìn fi jáde.

"Ẹni mẹ́ta ló ti fi ránṣẹ́ sí mi," ló wá wí. "Ọ̀kan fi àwòrán ojú tó ń sunkún sí i lábẹ́." Ó yí fóònù rẹ̀ dojú bo orí tábìlì. "Sẹ̀ríyà, ìwọ lo mọ Kùránì. Kí ni wọ́n ń wá? Kí ni Eric gbà lọ́wọ́ wọn?"

"Mi ò mọ̀, Màmá Eric. Ohun tí mo mọ̀ ò pọ̀." Ó jókòó tì í. "Alùpùpù tí wọ́n gùn lọ bá a, láti ṣọ́ọ̀bù wa ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti rọ́bà, ó sọ ti Múítì, ó sọ ti mẹ́jọ tó kù àti ọjọ́ Ẹtì. Kò bo Ìdíríìsì láṣìírí, kò sì bo ara rẹ̀. "Dàbínù tí mo bù fún ọ nínú oṣù ààwẹ̀," ló fi parí rẹ̀, "Múítì ló mú un wá."

Lucie gbé ọwọ́ sókè jẹ́jẹ́, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ nu ètè, ó tún nù ún, bí ẹni pé adùn nǹkan náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ta lo tún ti sọ fún?"

"Ìwọ ni àkọ́kọ́."

"Kí ló dé tó o fi wá sọ fún mi? Kí n lè dárí jì ọ́?"

Sẹ̀ríyà ronú sí i, torí ó fẹ́ sọ òtítọ́. "Rárá. Ẹ̀rù ń bà mí. Tí mo bá ti sọ fún ọ, mi ò ní lè padà sílé lọ jókòó."

"Dìde," ni Lucie wí, ní Yorùbá, èyí tí kì í sọ. "Jáde nílé mi. Máa lọ síbi tí ò ń lọ."

Sẹ̀ríyà fẹsẹ̀ rìn gòkè lọ sí àgọ́ jàǹdáámù. Àwọn ọlọ́kadà méjì dúró bi í bóyá ó fẹ́ gùn, ó mi orí sí wọn. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló bá lẹ́yìn tábìlì, ọjọ́ orí rẹ̀ ò lè ju ti Eric lọ púpọ̀. Ó fi Faransé kí i, Sẹ̀ríyà sì fi ìwọ̀nba Faransé ọjà tó mọ̀ sọ fún un pé òun wá sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó pa àwọn sọ́jà lọ́jọ́ Àìkú.

Jàǹdáámù náà jókòó dáadáa. Ó fa ìwé mọ́ra, ó ṣí bírò.

"Ta lẹ fẹ́ fi sùn, Màmá?"

Orúkọ méjì ló ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ilé, Múítì àti Ìdíríìsì, ó sì ti ń pè wọ́n sínú láti ìsàlẹ̀ òkè títí dé ibẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó.

"Ẹ kọ́kọ́ kọ tèmi," ló wí. "Sẹ̀ríyà. Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ra alùpùpù wọn."