Ọdún Tí Wọ́n Kà sí Ìyá Àgbà Lọ́rùn

Najeem ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹ̀rín ni ó sì fi sọ ọ́. Akọ̀ròyìn kan ń ya fótò àwọn ilé àtijọ́ ní Pápá Àjàó lọ́dún 1991, ó sì rí Ìyá Àgbà tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà láìlo awò ojú. Ó béèrè pé ẹni ọdún mélòó ni màmá yìí. Najeem ò tilẹ̀ ronú.

"Wọ́n ti lé ní àádóje o! Àwọn fúnra wọn ló sọ fún wa pé àwọn sá lógun Jálumi ní Ìkìrun. Ogun yẹn ti pé ọdún mẹ́tàléláàádọ́fà. Ẹni tó lè gbé ẹrù sá lógun á sì ti tó ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ẹ rò ó pọ̀."

Akọ̀ròyìn rò ó pọ̀. Nígbà tí yóò fi di Sátidé, àwòrán Ìyá Àgbà ti wà nínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sókè rẹ̀ pé obìnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádóje ń bẹ ní Mushin.

Fàósátù, ẹ̀gbọ́n Najeem, náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ni, yàrá iwájú ilé ni ó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ó gé àwòrán náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí ìyá wọn. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, òun ló tọ́ àwọn méjèèjì. Inú Fàósátù dùn pé ayé rí i.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí ìwé ìròyìn náà jáde, gìrì pa ọmọ Àkàngbé. Àkàngbé ni káfíńtà tó ń gbé yàrá kẹta nínú ilé yẹn, ọmọ ọdún mẹ́rin péré sì ni ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n ti ibi ìsìnkú dé, Àkàngbé dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó mú ìwé ìròyìn náà dání, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka.

"Ìyá Najeem, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló lò láyé. Bàbá wọn ò pé ogójì. Oyún méjì ló bàjẹ́ lára Fàósátù. Ọmọ tèmi rèé, ọdún mẹ́rin." Ó gbójú sókè, ó wo gbogbo wọn. "Ẹ dákun, ibo ni ọdún àwọn èèyàn wọ̀nyí lọ?"

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Àgbà. Kí Fàósátù tó mọ̀, òun náà ti yíjú sí i.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti yí padà. Bí Ìyá Àgbà bá kí èèyàn, onítọ̀hún a ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyá kan já ọmọ rẹ̀ gbà lórí itan Ìyá Àgbà, ó sì fi etí aṣọ nu ọmọ náà lára níbi tí ọwọ́ àgbà ti kàn án. Àwọn obìnrin wá kó aṣọ wọn tí Fàósátù ò tíì rán. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá àmì tí ẹnì kan fi èédú fà sára ilẹ̀kùn, òbìrí ńlá kan tí wọ́n fi ìlà gún láàárín. Fàósátù nù ún kúrò kí Ìyá Àgbà tó jí. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wà níbẹ̀. Wọ́n sì ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ní àdúgbò kan, wọ́n ti sun arúgbó kan láàyè. Kò sẹ́ni tó lè dárúkọ àdúgbò ọ̀hún, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló gbà pé òótọ́ ni.

Ẹ̀rù ìta yìí, Fàósátù lè fara dà á. Èyí tí ó wà nínú òun fúnra rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó gbádùn.

Oyún oṣù mẹ́ta wà lára rẹ̀. Sàlíhù, ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Iganmu, nìkan ni ó mọ̀. Sàlíhù kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wò ó lójú lọ́jọ́ kan, ó ní, "Má jẹ́ kí Ìyá Àgbà fọwọ́ kàn ẹ́ níkùn." Fàósátù fẹ́ bínú, kò rí ìbínú náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, ó ká ẹní tí ó máa ń tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ooru ń mú òun. Kí ó tó jáde, ó wo arúgbó náà bí ó ti ń sùn. Eyín rẹ̀ pé, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò wọ́ọ́rọ́wọ́. Láìmọ̀, Fàósátù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka bí Àkàngbé. Ìyá mi, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Oyún àkọ́kọ́. Oyún kejì. Nígbà tí ó mọ ohun tí òun ń ṣe, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó sá jáde.

Ọjọ́rú ni dókítà obìnrin kan wá láti ọsibítù Ìdí-Àràbà. Dókítà Ṣùbòmí Ọládèjì ni orúkọ rẹ̀, ó ń ṣe ìwádìí lórí àwọn tó dàgbà púpọ̀, ìwé ìròyìn yẹn ló mú un wá. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà, ó gbé rẹ́kọ́dà kékeré kan sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí ẹni tó ń bá ìyá rẹ̀ ṣeré.

"Màmá, ẹ sọ̀rọ̀ ogun Jálumi fún mi."

"Háà, a sá o," Ìyá Àgbà dáhùn. "A gba ọ̀nà oko. Odò Ọ̀tìn kún, òkú ń léfòó. A fi ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná."

"Kí ni wọ́n ń pè yín nígbà yẹn?"

"Ta ni? Èmi?" Ìyá Àgbà wò ó bí ẹni tó ń wo aṣiwèrè. "Wọn ò tíì bí mi. Ìyá ìyá mi ló pọn ìyá mi."

Najeem tó dúró lẹ́nu ọ̀nà là ẹnu sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà, ẹ̀yin lẹ ní ẹ sá!"

"A sá. Ilé wa sá. Ṣé ilé tí wọ́n bí mi sí kì í ṣe èmi ni?"

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ó béèrè ọdún tí wọ́n bí i. Ìyá Àgbà ní òun ò mọ ọdún òyìnbó, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ilé máa ń sọ pé bàbá òun ò sí nílé lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ òun, ó ń bá wọn to irin rélùwéè tí ó ń bọ̀ wá sí Ìkìrun. Dókítà béèrè nípa àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú tó jà lọ́dún 1918. Ìyá Àgbà ní òun rántí ìyẹn dáadáa, ó pa ẹ̀gbọ́n òun méjì. Òun ti lè pọn omi odò nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ọmú ò tíì yọ láyà òun.

Dókítà fi ọ̀kan wé èkejì, ó tún béèrè nípa ọjọ́ orí àkọ́bí rẹ̀, ó fi ìyẹn náà wé e. Lẹ́yìn náà, ó gbójú sókè.

"Màmá ti tó ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin. Wọn ò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀."

Fàósátù sìn ín dé ojú títì. Ó fẹ́ béèrè nǹkan. "Dókítà, àwọn èèyàn ń sọ pé… àwọn ọdún yẹn… pé ó ṣeé ṣe kí…"

Dókítà dúró. "Kí ló pa ìyá yín?"

"Ọmọ ló ń bí lọ́wọ́. Ara rẹ̀ wú, gìrì mú un."

"Oyún tiyín tó bàjẹ́ ńkọ́? Ẹsẹ̀ yín wú?"

Fàósátù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ wá bá mi lọ́sibítù ní Ọjọ́bọ̀. Ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó sì máa ń wà nínú ìdílé. Kì í ṣe ọwọ́ ẹnì kankan." Ó kọ ọjọ́ orí Ìyá Àgbà sínú lẹ́tà, ó buwọ́ lù ú, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

Fàósátù mú lẹ́tà yẹn lọ sí ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn, pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Akọ̀ròyìn yẹn kà á, ó sì dá a padà. "Àǹtí, ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin pọ̀ nílùú. Ìyẹn kì í ṣe ìròyìn."

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, wọ́n dé.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn kí ó tó rí wọn. Wọ́n tó ọgbọ̀n, ó mọ púpọ̀ nínú wọn, ó ti rán ṣòkòtò fún àwọn mìíràn. Ọ̀kan gbé táyà kọ́ èjìká. Òórùn bẹntiróòlù gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àkàngbé ló ṣíwájú, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti kú. Najeem ti gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Sàlíhù wà níbi iṣẹ́. Fàósátù dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà dókítà fún wọn. Ohùn rẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn.

"Ìwé irọ́!" ẹnì kan kígbe. "Ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́!"

Wọ́n ti dì í lápá mú nígbà tí ọ̀pá ìtilẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀ kò, kò, kò láti ìta wá. Mọ̀ọ́mì Gertrude ni, agbẹ̀bí àtijọ́ tó ń gbé ní òdì-kejì títì. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n yà fún un, bóyá torí pé ó ti mọ́ wọn lára láti máa yà fún un.

"Àkàngbé, ta ló gbẹ̀bí rẹ?"

Àkàngbé ò fẹ́ dáhùn. "Ẹ̀yin ni, Mọ̀ọ́mì."

Ó na ìwé kan tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ sí i. "Ìwé ìrìbọmi mi nìyí. Kà á sókè."

Àkàngbé wo ọjọ́ ìbí inú rẹ̀, ó ṣírò rẹ̀. "Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún."

"Mo fi ọdún mẹ́fà ju obìnrin inú ilé yìí lọ. Mo sin ọkọ, mo sin ọmọ mẹ́ta. Ọdún ta ni mo jẹ?" Ẹni tó gbé táyà ti jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀. Mọ̀ọ́mì Gertrude fi ọ̀pá rẹ̀ fà á mọ́ra, ó sì rọra jókòó lé e lórí láàárín wọn. "Ó yá. Ẹ ti ọ̀dọ̀ mi bẹ̀rẹ̀."

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá yọ́ lọ. Òmíràn tẹ̀ lé e. Àkàngbé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ìwé náà mú, ó bú sẹ́kún, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Fàósátù rí àwọn kan tí wọn ò sunkún, tí wọ́n ń wẹ̀yìn bí wọ́n ti ń lọ, tí ojú wọn ò sì tíì yí padà. Àwọn yẹn ni kò lè gbàgbé.

Ó wọlé. Ìyá Àgbà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti wọ aṣọ òkè tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, ó ti wé gèlè.

"Mo ti múra," ó ní. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi aṣọ ilé wọ́ mi jáde." Ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀, ó fi oríkì rẹ̀ pè é. "Àṣàbí, ìwọ náà gbà á gbọ́?"

Fàósátù fẹ́ sọ pé rárá. Kò lè sọ ọ́. Ó wólẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sunkún, ó sì sọ ọ̀rọ̀ oyún fún un. Ìyá Àgbà ò fọwọ́ kàn án. Ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan ara rẹ̀, ó ń dúró. Fàósátù fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀kan, ó gbé e lé ikùn. Àyà rẹ̀ ń já bí ẹni tó ń rìn létí kànga, ṣùgbọ́n kò mú ọwọ́ náà kúrò.

Lówùúrọ̀ Túsìdeè, wọ́n kó lọ sí Sùúrùlérè, sí yàrá méjì tí Sàlíhù bá wọn wá. Fàósátù ń lọ rí dókítà, ó ń lo oògùn, ó sì bí ọmọkùnrin nígbà ọyẹ́. Ìyá Àgbà ló wẹ̀ ẹ́. Ó lo ọdún mẹ́ta sí i kí ó tó sùn lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, bí aládùúgbò bá béèrè pé ẹni ọdún mélòó ni màmá, Fàósátù a ní àgbà ni wọ́n, a sì bi onítọ̀hún nípa ara ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a wọlé, a ti ilẹ̀kùn, a sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí tí kò fi ní gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni náà mọ́.