Irin Tó So Ẹsẹ̀ Iwájú Alùpùpù Wa Pọ̀

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní Lomé, ṣùgbọ́n bí alùpùpù ńlá kan bá dún kọjá níwájú ilé báyìí, àdúgbò Adakpamé níbẹ̀ ni ọkàn mi máa ń sáré lọ, sábẹ́ páànù Gàníyù tó ń tún alùpùpù ṣe.

Mo ra ọ̀kan nígbà náà, irú èyí tó gùn gbọọrọ, téèyàn ń fẹ̀yìn tì gùn bí ẹni jókòó sórí àga ìjòyè. Bó bá ti sáré díẹ̀, iwájú rẹ̀ á máa gbọ̀n. Victoire ìyàwó mi gùn ún lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà ní Nyékonakpoè, ó fẹsẹ̀ rìn délé. Ó ní takisí lòun máa wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò òun ní ìlú Atakpamé ní Sátidé. Bẹ́ẹ̀, torí ká lè jọ máa rìnrìn àjò ni mo ṣe rà á.

Mo gbé e tọ Gàníyù mẹkáníìkì lọ, ọmọ Pobè ní ilẹ̀ Benin. Ó mú irin pẹlẹbẹ kan jáde, ó ní òun máa gbé e dábùú lókè táyà iwájú, kó so ẹsẹ̀ méjèèjì tó di táyà náà mú pọ̀, kí wọ́n má baà máa lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Alùpùpù zémì tó ń kó èrò ló mọ́ ọn lọ́wọ́ láti máa tún ṣe. Ní tiẹ̀, ohun téèyàn bá dè, kó dè é pa. Ó gbé iwájú alùpùpù mi sókè lórí igi, táyà ò kanlẹ̀, ó fi sípánà fún nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó di irin náà mú títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Mo gùn ún yí àdúgbò ká. Kò gbọ̀n mọ́ lóòótọ́, àmọ́ iwájú rẹ̀ le gbagidi, gbogbo kòtò Adakpamé ló kí mi nídìí.

Victoire ti wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ Gàníyù. Ó wo bí mo ṣe ń rìn, ó kí mi pẹ̀lẹ́, ó ní èyí tó ń gbọ̀n yẹn tiẹ̀ sàn.

Gàníyù bẹ̀rẹ̀ wo irin náà, ó gbà pé òun ló jẹ̀bi: ẹsẹ̀ méjèèjì ò tíì rí àyè ara wọn tí òun fi fún wọn pa. Ó dẹ àwọn nọ́ọ̀tì. Ó ní a nílò ẹni tó wúwo díẹ̀ lórí rẹ̀, kí iwájú lè máa rì, kó máa dìde. Ó wo èmi tí mo rí tín-ín-rín, ó gbójú kúrò, ó kọjú sí Victoire, ìyá Ìrètí ọmọ wa.

"Ìyá Ìrètí, ẹ má bínú. Ẹ bá wa gùn ún, kò ní í kúrò lójú kan."

"Gàníyù, ṣé mo sanra ni?"

"Rárá o. Ọlọ́run kàn fún yín ní ohun tí ẹ̀gbọ́n wa yìí ò ní ni."

Ẹ̀rín pa Victoire, ó ká ìró, ó gùn ún. Mo di bíréèkì mú, mo ń tẹ iwájú mọ́lẹ̀, ó ń rì, ó ń dìde, Victoire náà ń bá a rì. Gàníyù ń fún nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé doucement, doucement, ìyẹn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tó parí, ó ní kí Victoire sọ̀kalẹ̀. Kò sọ̀kalẹ̀.

"Bàbá Ìrètí, ẹ gbé mi dé etí òkun ná. Bó bá gbọ̀n, ẹ̀yin nìkan lẹ máa gùn ún lọ Atakpamé."

Kò gbọ̀n. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó ti gbé àgbọ̀n lé mi léjìká, ó ń sọ irú aṣọ tí òun máa wọ̀ ní Sátidé, pé kò gbọdọ̀ gùn jù, kí táyà ẹ̀yìn má baà fà á wọlé.