Ọdún Mẹ́ta Tí Mo Fi Rúlà Fà

...kí n ní kí wọ́n gbà á. Tàbí kí n ní kí wọ́n má gbà á. Ọ̀kan nínú méjì. Èyí tí mo bá sì sọ ni ẹ̀gbọ́n mi á ṣe — ohun tó ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn — wọ́n á ṣe é bí mo ṣe wí, wọn ò ní bi mí lẹ́ẹ̀kejì.

Àárọ̀ yìí ni wọ́n pè mí. Olùkọ́ iṣẹ́ káfíńtà nílé-ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣọ́ géètì fẹ́ fẹ̀yìn tì, ọ̀gá ilé-ìwé sì ti ní kí wọ́n wá gba ipò náà. Ọ̀rẹ́ wọn kan tún wà, tó fẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n jọ máa kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Wọ́n rò ó fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n wá ní, "Àbúrò mi, ìwọ lo kàwé. Kí lo rí níbẹ̀?"

Kí ni mo rí? Ògiri ni mo rí. Yàrá tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga yìí fún mi ò ju ibi tí èèyàn lè tẹ́ ẹní méjì sí lọ. Tábìlì gba ẹní kan, ìwé gba ìkejì. Ọ̀dà ti lẹ fèrèsé mọ́ férémù rẹ̀, kò ṣe é ṣí. Oòrùn ọ̀sán ń ta mí lẹ́yìn ọrùn, mi ò sì lè sún àga nítorí... nítorí ibi tí àga lè wà náà nìyẹn, kò síbòmíràn.

Orí karùn-ún ìwé ìwádìí tí mo fẹ́ fi gboyè ọ̀mọ̀wé wà níwájú mi. Ọjọ́ Ẹtì ni mo gbọ́dọ̀ kó gbogbo ìwádìí náà fún Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, ìgbà keje sì rèé tí mo ń tún orí yìí kọ. Mo kọ ọ́ pé àìdánilójú méjì ló wà nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé. Ọ̀kan dà bí dáìsì lúdò: a ò mọ ojú tó máa yọ, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé mẹ́fà ni ojú rẹ̀, a lè ṣírò rẹ̀. Ìkejì — ìkejì ò ní ojú tí èèyàn lè kà. A ò tiẹ̀ mọ iye ọ̀nà tí ọ̀la lè gbà yọ sí wa. Onímọ̀ tó bá wá ń ṣírò ìkejì bí ẹni pé àkọ́kọ́ ni, onímọ̀ bẹ́ẹ̀... Ibí ni mo máa ń dé, tí màá tún pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Màmá wa, tí wọn ò wọ kíláàsì rí, á ní bí òní ti rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kọ ìwé mi tán kí n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọn ò sì nílò àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ìwé kankan.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ka orí náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọn ò bínú. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Ohun tí o kọ dáa. Ṣùgbọ́n ìlànà ìwádìí rẹ dà? Mú ìpinnu kan wá, ẹyọ kan péré, tí ìṣirò ṣi ẹnì kan lọ́nà. Kí o sì fi ibi tó ti yà bàrá hàn wá, ibẹ̀ gan-an." Mo ní mo ti gbọ́, sà. Mo ní màá wá a.

Màá wá a. Bí ẹni pé ó sọ nù.

Ọdún méje sẹ́yìn ni. Ọ̀gá Pákó ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n mi nígbà náà. Wọ́n á fọwọ́ pa pákó lójú, wọ́n á sọ fún ọ ibi tó máa là sí. Ilé-ìwé yìí kan náà ló kọ́kọ́ pè wọ́n pé kí wọ́n wá máa kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́. Iṣẹ́ oṣù, iṣẹ́ ìfọ̀kànbalẹ̀. Wọ́n wá bá mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè kejì, ẹnu mi mú ṣáṣá. Mo ya ìlà fún wọn: báyìí ni ilé kíkọ́ ṣe ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, báyìí ni á ṣe máa lọ fún ọdún márùn-ún sí i. Mo ní kí wọ́n fẹ ṣọ́ọ̀bù wọn lójú. Wọ́n kọ̀wé sílé-ìwé pé àwọn ò wá.

Lọ́dún kẹta, ilé kíkọ́ dúró. Kò dín kù o, ó dúró. Àwọn agbaṣẹ́ṣe palẹ̀ mọ́. Àwọn ilé tí ò lórùlé ṣì wà níbẹ̀ dòní, koríko ti hù ní pálọ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó, wọ́n ta èyí tí wọ́n fi ń fá a. Nígbà tí kò sí èyí tí wọ́n lè tà mọ́, wọ́n padà lọ sílé-ìwé yẹn, wọ́n ń ṣí géètì fún mọ́tò olùkọ́.

Wọn ò bá mi wí rí. Ìyàwó wọn ló sọ fún mi pé bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ọ̀rọ̀ náà, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ayé ló yí, kì í ṣe ẹ̀bi àbúrò àwọn. Ayé ló yí. Mo sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kí tiẹ̀ ni mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́rin, bí kò ṣe pé mò ń wá ẹ̀rí tí màá fi ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn? Igba ojú ewé ó lé mẹ́tàdínlógún. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Àwọn àgbà nínú ìmọ̀ yìí ò lè mọ̀. Èmi náà ò —

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí... Rárá. Má fi òwe bò ó.

Tún un wò. Wò ó bí aṣèwádìí. Tábìlì ìjẹun wọn ni, pẹ́ńsù wọn wà lẹ́yìn etí, tèmi wà lọ́wọ́. Mò ń ya ìlà náà lọ. Ọdún kìíní, mo ní nọ́ńbà fún un. Ọdún kejì, mo ní. Lẹ́yìn ìyẹn... mi ò ní nǹkan kan. Mo gbé rúlà, mo kàn fa ìlà náà síwájú, ọdún mẹ́ta gbáko. Ọwọ́ mi sì dúró díẹ̀ kí n tó fà á. Mo rántí pé ó dúró. Wọ́n ń wò mí. Àwọn ni wọ́n fi ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀ kí èmi lè kàwé, ojú tí wọ́n fi ń wò mí lọ́jọ́ náà sì dà bí ojú ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti gúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo ní, "Ó dá mi lójú, Bọ̀dá mi."

Ayé ò tíì yí nígbà yẹn. Agbaṣẹ́ṣe kankan ò tíì palẹ̀ mọ́. Tábìlì yẹn ló ti yà bàrá, láàárín ìgbà tí ọwọ́ mi dúró àti ìgbà tí mo la ẹnu. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè dá wọn lóhùn láti àárọ̀. Tí mo bá ní mi ò mọ̀ lónìí, wọ́n á ní, ìgbà yẹn ńkọ́?

Ìgbà yẹn, Bọ̀dá mi... Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé mi ò mọ̀.